Mo Ná Ilé Òyìnbó Bí Ẹni Ń Ná Iṣu

Ẹ̀yin ará ilé, láti ìgbà tí mo ti padà dé, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìsọ̀ fúlọ́kanáísà, àní ní ibi tí mo ti lọ bá wọn sìnkú: "Ẹnjiníà, ṣé lóòótọ́ ni pé ìdajì ilé ni ọmọ yín rà ní ìlú òyìnbó?" Òótọ́ ni. Ìdajì ilé ni. Díẹ̀ ló sì kù kí èmi bàbá rẹ̀ má jẹ́ kó rí ìdajì náà rà. Ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe rí gan-an, kí ẹ yé gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tí kò débẹ̀.

Fún àwọn tí kò mọ̀ mí, n kì í ṣe ẹnjiníà. Jọ́gíráfì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ yín ní Ìṣẹ́-Èkìtì níbí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ń kọ́lé tèmi, bíríkìlà tí mo kọ́kọ́ gbà mọ ògiri kan tó wọ́ bí ẹni tó mu ẹmu yó. Ọjọ́ náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ nípa ilé fúnra mi. Mo mọ iye yanrìn tí sìmẹ́ńtì lè gbà kó tó bínú. Mo lè fi ìka kan ògiri kí n sọ fún ọ bóyá sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ẹ ti ya kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá lọ kí ènìyàn ní Ìkẹ́rẹ́, òrùlé rẹ̀ ni mo máa kọ́kọ́ wò kí n tó wo ojú rẹ̀. Ìyàwó mi ní àìsàn ni.

Fúnmi, àkọ́bí wa, nọ́ọ̀sì ni ní ìlú kékeré kan lẹ́yìn Leeds, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ibẹ̀ ni òun àti Kúnlé ọkọ rẹ̀, ọmọ Emùré tó múlé tì wá, àti àwọn ọmọ wọn méjì ń gbé. Onílé tí wọ́n yá ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí wọ́n máa kó ẹrù, ọmọ òun fẹ́ máa gbé ibẹ̀. Ilé tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ rà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Òmíràn tún bọ́. Bí èyí tó kù yìí bá tún bọ́, àdúgbò mìíràn ni wọn ó kó lọ, ọ̀nà ibi iṣẹ́ Fúnmi á jìn, àwọn ọmọ á sì fi ilé ìwé tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ràn sílẹ̀. Ó pè mí lórí fóònù. Ó ní, "Dádì, ẹ̀yin lẹ mọ ilé. Ẹ wá bá wa wò ó."

Bí wọ́n bá ní kí n wá wo ilé nínú òṣùpá, màá di ẹrù. Mo lọ.

Dídé

Mo ti fi òtútù kọ́ ọmọ ọlọ́mọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Mo máa ń yà á sójú pátákó, màá fi ọfà tọ́ka sí ibi tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ ti ń bọ̀, wọ́n sì ń yege nínú rẹ̀. Ìgbà tí mo jáde ní pápákọ̀ òfurufú ni mo tó mọ̀ pé n kò mọ ohun tí mo ń sọ. Òtútù ojú pátákó kò ní eyín. Èyí ní eyín, ó sì mọ gbogbo ibi tí aṣọ ènìyàn ti ṣí.

Fúnmi wò mí láti òkè dé ilẹ̀. "Dádì, ṣé agbádá lẹ fẹ́ fi bá òtútù jà?"

Mo ní, "Síńgílẹ́ẹ̀tì méjì ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó yọ kóòtù Kúnlé jáde nínú mọ́tò, ó sì wé mi bí ẹni wé ẹ̀kọ.

Ó ń bá mi sọ̀rọ̀ ní gbogbo ọ̀nà, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ọ. Ilé ni mo ń wò. Bíríkì! Bíríkì pupa láti ìbẹ̀rẹ̀ òpópónà dé òpin rẹ̀. Kò sí èyí tí wọ́n rẹ́, kò sí èyí tí wọ́n kùn. Ní ọ̀dọ̀ wa, bí a bá rí ilé tí wọn kò rẹ́, a máa ń káàánú onílé náà pé ọwọ́ rẹ̀ ló kúrú. Mo bi Fúnmi pé ṣé gbogbo àdúgbò yìí lápapọ̀ ni ọwọ́ wọn kúrú.

"Dádì, bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn."

Mo mi orí. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń lọ ni mo ń rí i pé ìlà tó wà láàárín bíríkì kan àti èkejì gún bí ẹni fi rúlà fà á, ìbú ìlà náà kò sì ju ìka ọwọ́ mi tó kéré jù lọ. Kí a tó délé, mo ti fẹ́ràn ìlú náà.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe

Ẹni tí ẹ bá ṣẹ̀ níbẹ̀ ló máa bẹ̀ yín. Mo tẹ ọkùnrin kan lẹ́sẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, èmi pẹ̀lú bàtà Kúnlé tó tóbi jù mí lọ, òun ló ní kí n má bínú. Bí wọ́n bá sì fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, gbogbo wọn á dúpẹ́ lọ́wọ́ awakọ̀, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, bíi pé ó gbà wọ́n lọ́wọ́ ẹkùn.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn wọlé kó kí àwọn tó bá nínú ilé tàbí nínú ọkọ̀, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì, mo dúró ní ẹnu ọ̀nà, mo kí gbogbo èrò káàárọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ní gbangba, bó ti yẹ. Gbogbo wọn yíjú sí fèrèsé. Ìyá àgbàlagbà kan rọra gbé báàgì rẹ̀ kúrò lórí àga, ó gbé e sí àyà. Mo padà wá rí i pé ajá ni wọ́n ń kọ́kọ́ kí. Bí ẹ bá fẹ́ bá ènìyàn sọ̀rọ̀ ní òpópónà, ẹ kí ajá rẹ̀, ẹ bi ajá náà léèrè ọjọ́ orí. Ẹ̀yìn náà ni onítọ̀hún á wá sọ fún yín pé òjò fẹ́ rọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò náà ti ń pa ẹ̀yin méjèèjì.

Ní ti oúnjẹ, mo bá wọn jẹ ẹ̀wà. Ẹ̀wà àárọ̀ ni, láti inú agolo, pupa bí ẹni pé ata wà nínú rẹ̀. Mo gbé ṣíbí kan sẹ́nu, mo sì dúró. Ṣúgà ni. Mo rò pé ọmọ-ọmọ mi kan ló ṣeré débẹ̀, mo sì ti ń wojú wọn kí n mọ èwo ni. Fúnmi ní, "Rárá o, Dádì. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn." Ẹja díndín wọn dára ní tirẹ̀, ó tóbi bí apá, ṣùgbọ́n ọtí kíkan ni wọ́n ń dà sí i. Tíì nìkan ni mo bá wọn gbà pátápátá. Bí nǹkan bá bà wọ́n nínú jẹ́, wọn á sè é. Bí inú wọn bá dùn, wọn á sè é. Bí wọn kò bá mọ èyí tí inú wọn wà, omi ti wà lórí iná.

Táíwò àti Kẹ́hìndé

Ọjọ́ tí a fẹ́ wo ilé náà pé. Kúnlé wà níbi iṣẹ́, nítorí náà èmi, Fúnmi àti àwọn ọmọ la lọ. Wọ́n ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé ilé àtijọ́ ni, pé wọ́n ti kọ́ ọ kí wọ́n tó bí mi. Èyí kò bà mí lẹ́rù. Nígbà tí mọ́tò dúró, mo rí ilé ńlá kan tó dúró dáadáa, fèrèsé rẹ̀ yọ ikùn síwájú, ihò èéfín wà lórí rẹ̀, ilẹ̀kùn méjì sì wà níwájú.

Mo ní, "Ó dára. Ilé gidi nìyí."

"Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń tà, Dádì."

"Ọwọ́ òsì báwo?"

"Ìdajì ọwọ́ òsì. Ẹlòmíràn ló ni ọwọ́ ọ̀tún."

"Ṣé ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n?"

"Wọn kò bá ara wọn tan rárá."

Mo sọ̀ kalẹ̀, mo dúró síwájú ilé náà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Mo bi í pé ta ló ni ògiri náà. Ó ní àwọn méjèèjì ni. Mo ní bí ọlọ́wọ́ ọ̀tún bá wá fẹ́ wó tirẹ̀ ńkọ́? Ó ní wọn kì í wó o. Mo ní bí ó bá ń gún iyán ńkọ́? Ó ní wọn kì í gún iyán. Mo sọ ilé náà ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Táíwò ni tiwa.

Ejẹ́ńtì tó ń bá onílé ta ilé náà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kóòtù rẹ̀ há mọ́ ọn, ti ń dúró dè wá. Ṣùgbọ́n onílé fúnra rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn. Derek lorúkọ rẹ̀. Ó gùn, ó gbẹ, ó fi díẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ó wọ súwẹ́tà tí wọ́n ti lẹ̀ ní ìgbọ̀nwọ́. Òun àti ìyàwó rẹ̀ ló wọ ilé náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó. Ìyàwó náà ti kú. Ó fẹ́ lọ máa gbé nítòsí ọmọbìnrin rẹ̀ létí òkun. Ejẹ́ńtì kó Fúnmi àti àwọn ọmọ lọ sókè. Èmi àti Derek dúró nísàlẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, bí mo ṣe wọlé ni ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Pákó ni ilẹ̀ rẹ̀, pákó tó nípọn, tí wọ́n tò mọ́ ara wọn tí abẹ́rẹ́ kò lè wọ àárín wọn. Àtẹ̀gùn ti igi ni, ìwọ̀n ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò yàtọ̀ síra. Mo fi ẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan, kò ké. Mo tẹ òmíràn, kò ké. Mo mọ̀ lọ́kàn mi pé ilé tí ọmọ mi gbọ́dọ̀ rà nìyí.

Nígbà náà ni mo fa ojú ro.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ná an

Ẹ̀yin tí ẹ ti ra iṣu rí lọ́jà Ìṣẹ́ kò ní bi mí pé kí ló dé. Bí iṣu bá wù yín, ẹ ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ ó gbé e bíi pé ó ní àrùn, ẹ ó ní, "Ṣé èyí náà lẹ pè ní iṣu? Orí rẹ̀ ti ń rà." Ọlọ́jà á ní kí ẹ lọ wẹ ojú yín kí ẹ tún padà wá wò ó. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, ẹ ó sì gbé iṣu lọ. Ẹni tó bá ní, "Iṣu yìí mà dára o, ẹ ó tà á," ti ń lọ sílé rẹ̀ nìyẹn. Ọlọ́jà kankan kì í tilẹ̀ dá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lóhùn.

Mo fi ìka kan ògiri. Mo ní, "Hùn."

Derek ní, "Ṣé nǹkan kan wà ni?" Èdè wọn kò ní "ẹ" àti "o," ṣùgbọ́n mo gbà pé "ẹ" ló ń fi bá mi sọ̀rọ̀.

"Kò sí. Mo kàn ń gbọ́ bó ṣe ń dún ni."

"Báwo ló ṣe dún?"

"Bí ilé tó ti rẹ̀."

Ó fi ọwọ́ pa ògiri náà, bí ẹni pa orí ọmọ. A dé ìdí àtẹ̀gùn.

"Ta ló ṣe èyí?"

"Èmi ni. Òun àti pákó ilẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ti jẹrà nígbà tí a dé."

"Ó hàn. Ṣé ènìyàn lẹ ṣe é fún ni, àbí ewúrẹ́?"

Mo retí kó ní kí n lọ wẹ ojú mi. Kò sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé ọlọ́jà tó gbọ́n ni, mo sì tẹra mọ́ ọn. Mo ní òrùlé ti tẹ̀ láàárín, kò sì tẹ̀. Mo ní fèrèsé dà bí ikùn aláboyún. A wọ ilé ìdáná. Kọ́bọ́ọ̀dù kan wà níbẹ̀ tó gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri. Derek ní, "Èyí ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún ìyàwó mi nínú ilé yìí."

Ó yẹ kí n gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ọjà ti gbóná lára mi. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù náà, mo pa á dé, mo ní, "Èyí, ẹ kúkú fi ṣe èènì. Bí kò bá wúlò, a ó fi dáná."

Derek dákẹ́. Nígbà tí Fúnmi sọ̀ kalẹ̀, ó kàn wí pé, "Ẹ ṣé tí ẹ wá," ó sì ṣílẹ̀kùn fún wa.

Inú mi dùn dé inú mọ́tò. Mo ní, "Fúnmi, mo ti bá ọ ná an. Ó ti dákẹ́! Bí ọlọ́jà bá ti dákẹ́, ó ti ń gbà nìyẹn."

Ó dá mọ́tò dúró. "Ẹ ná kí ni?"

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo tilẹ̀ ṣe ohùn mi bí mo ṣe ṣe é. Nígbà tí mo dé orí ọ̀rọ̀ ewúrẹ́, ó gbé orí lé sítẹárín.

"Dádì! Ejẹ́ńtì là ń bá sọ nípa owó. Ẹnìkan kì í ná ilé lójú onílé níbí!"

"Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ènìyàn fẹ́ ẹ?"

"Wọn á sọ pé àwọn fẹ́ ẹ ni!"

Mo ro ọ̀rọ̀ yẹn títí a fi délé. Títí di òní, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

"Ẹ jẹun, sà"

Ní ọjọ́ kejì, ejẹ́ńtì pè. Derek ní kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n òun rí i pé ilé òun kò wu ẹbí wa, nítorí náà òun á dúró de ẹni tó bá wù.

Fúnmi kò pariwo. Ìbá sàn bí ó bá pariwo. Ó gbé oúnjẹ fún mi pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó ní, "Ẹ jẹun, sà." Omi, "Ẹ gba omi, sà." Ọmọ mi kì í pè mí ní sà. Bí wọ́n bá ti ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn báyìí nínú ilé, kó yáa mọ̀ pé ó ti dáràn. Ọmọ-ọmọ mi obìnrin wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Bàbá àgbà, ṣé ẹ̀yin lẹ ba ilé wa jẹ́?"

Ẹran tó wà lẹ́nu mi di pákó.

Kúnlé dé láti ibi iṣẹ́, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ló ń fi pamọ́. "Dádì, ẹ má bínú o. Ní Emùré, a máa ń sọ pé bí ará Ìṣẹ́ bá fẹ́ ra ẹṣin, á kọ́kọ́ sọ fún ẹṣin pé ajá ni."

Mo ní, "Ẹ̀yin ará Emùré náà, iye tí wọ́n bá pè fún yín lẹ ń san. Ìdí nìyí tí àwọn alájàpá wa fi fẹ́ràn yín."

Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò pẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ọ̀nà ilé ìdáná, níbi tí Fúnmi ti ń fọ àwo kan náà láti ìgbà tí a ti jókòó. "Dádì, ó ti yan yàrá fún àwọn ọmọ. Ó ti mọ ibi tí bẹ́ẹ̀dì máa wà."

Mo dìde. Mo ní, "Àfi ká lọ bẹ̀ ẹ́."

"Ejẹ́ńtì ní a kò gbọdọ̀ lọ bá onílé fúnra wa."

"Mélòó ni ọjọ́ orí ejẹ́ńtì? Ṣé ọmọdé ló máa sọ fún àgbà pé kó má lọ bẹ àgbà?"

A dọ̀bálẹ̀

Ó yẹ kí á pọ̀. Nílé, n kì bá lọ bẹ̀bẹ̀ láìkó ará ẹbí dání, kí onítọ̀hún lè wo èrò kó sì tijú àtibínú. Èmi àti Kúnlé nìkan ni mo rí kó. Mo sọ fún un lójú ọ̀nà pé bí ilẹ̀kùn bá ti ṣí, kò sí àlàyé, ilẹ̀ ni.

Ó tẹ aago ẹnu ọ̀nà. A gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Kúnlé kò dúró de ilẹ̀kùn mọ́, ó na gbọọrọ. Èmi náà kò lè dá dúró. Mo rọra fi orúnkún lélẹ̀, mo na tẹ̀lé e, nínú omi òjò. Ìró ẹsẹ̀ náà bá gba ibòmíràn lọ. Derek kò tíì ń bọ̀ rárá.

Báyìí la wà nílẹ̀ nígbà tí obìnrin tó ni Kẹ́hìndé gba ẹnu ọ̀nà rẹ̀ jáde pẹ̀lú ajá.

Ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, ṣé kò sí nǹkan?"

Kúnlé ní, "Kò sí, mà. Àlàáfíà la wà." Ajá náà ń lá etí rẹ̀.

"Ṣé kí n pe àwọn dókítà?"

Ilẹ̀kùn wá ṣí. Derek wò wá. Ó wo obìnrin náà. Ó tẹ̀ ba, ó gbé ọwọ́ lé orúnkún, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀ káàkiri. Ó ní, "Kí ló sọ nù lọ́wọ́ yín?" Obìnrin náà tẹ̀ ba, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ajá náà ń gbóòórùn káàkiri.

Mo gbé orí sókè láti ilẹ̀. Mo ní, "Ilé ni, sà. Ilé ló sọ nù lọ́wọ́ wa."

Derek sún sẹ́yìn kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ kúkú wọlé. Mo fẹ́ se tíì."

Ó fún wa ní táwẹ́ẹ̀lì. A jókòó sí ilé ìdáná, kọ́bọ́ọ̀dù náà sì dojú kọ mí bí ẹlẹ́rìí nílé ẹjọ́. Mo sọ ọ̀rọ̀ iṣu fún un. Mo sọ ti orí iṣu tó ń rà, ti ojú tí wọ́n ń wẹ̀, ti ẹni tó ń yin ọjà tó sì ń lọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ láìmi apá.

"Ẹ jẹ́ kó yé mi. Bí ó bá ṣe wù yín tó ni ẹ ó ṣe bú u tó?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ó gbé kọ́ọ̀pù sílẹ̀. "Á jẹ́ pé ó wù yín gan-an o."

"N kò rí ilé tó wù mí bẹ́ẹ̀ rí láyé mi."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Mo rò pé ẹkún ni. Ẹ̀rín ni, wọ́n kàn ń rín in láìlo ẹnu. Ó ní, "Tọkọtaya kan wá ṣáájú yín. Ní gbogbo yàrá ni wọ́n ń sọ pé ‘Ó mà dára o.’ Láti ọjọ́ náà, n kò gbúròó wọn."

Mo fi ọwọ́ lu tábìlì. "Wọ́n ti lọ sílé wọn!"

"Ó dára," ni Derek wí. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. "Ẹ wá sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi báyìí."

Mo dìde, mo sọ òótọ́. Mo ní ẹni tó mọ ògiri iwájú ilé yìí kò kánjú níjọ́ kan, nítorí láti ìpìlẹ̀ dé òrùlé, ìlà kò yẹ̀. Mo ní òjé tí wọ́n fi di ẹsẹ̀ ihò èéfín kò tíì ká níbì kan, mo ti wò ó láti ìta. Mo nàka sí ọ̀nà àtẹ̀gùn, mo ní nínú gbogbo èyí tí mo tẹ̀, kò sí èyí tó ké. Mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù. Mo ní kò sí ìṣó kankan ní igun rẹ̀, pé wọ́n gé pákó kan wọ inú èkejì bí ìka ọwọ́ ọ̀tún tó há sínú ti òsì, pé ẹni tó bá ṣe irú èyí ti fẹ́ràn ẹni tó ń ṣe é fún. Mo ní bí ọmọ mi bá fi í dáná, èmi ni n ó kọ́kọ́ pe ọlọ́pàá.

Derek yíjú sí ibi ìfọwọ́. Ó fọ kọ́ọ̀pù kan tó mọ́ tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ohun kan wà tí ẹ kò rí."

"Kí ni?" Orí mi wú. Kí ni n kò rí?

Ó kó wa gun òkè, ó ṣí yàrá ẹ̀yìn, ó wọ́ àpótí kan kúrò ní igun. Ògiri ibẹ̀ tutù, ó sì ti dúdú díẹ̀. "Omi ń wọ̀ ọ́ nígbà òjò. Ọ̀pá omi òrùlé ló ń jò níta. Kò sí ẹni tó bi mí, n kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni."

Inú bí mi sí ara mi gan-an. Ìsàlẹ̀ nìkan ni mo ti ń fi ìka kan ògiri, n kò tilẹ̀ gun òkè! Kúnlé, ọmọ Emùré, yọ ìka sí mi, ó ní, "Èyí tó yẹ kí ẹ bú gan-an lẹ kò bú, Dádì."

Kọ́kọ́rọ́

Derek sọ fún ejẹ́ńtì pé òun ti rí ẹni tí ilé òun wù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ìgbà náà àti ọjọ́ kọ́kọ́rọ́, ìwé ni, òjò ni, ìwé ni. N kò ní fi dà yín láàmú. Fúnmi dẹ́kun pípè mí ní sà.

Ní ọjọ́ náà, ilé ti ṣófo. Kò ku nǹkankan nínú rẹ̀ àfi kọ́bọ́ọ̀dù. Derek fún Fúnmi ní kọ́kọ́rọ́, ó sọ fún un èwo ló máa ń há àti apá tí ó máa ń tì í sí. Lẹ́yìn èyí, ó yẹ kó máa lọ. Kò lọ. Ó dúró lórí pákó tó fọwọ́ ara rẹ̀ tò, ó fi fìlà rẹ̀ sọ́wọ́.

Ó bi mí, "Ẹ ti sọ fún mi pé ẹ ní ìkíni fún gbogbo nǹkan. Kí lẹ máa ń kí ẹni tó ń fi ilé sílẹ̀?"

Mo na ìka. Ẹ̀yin ará mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n. A ní ti ẹni tó jókòó, a ní ti ẹni tó dúró, a ní ti ẹni tí òjò pa, a ní ti ẹni tó náwó. Mo wá a títí. Ní ọ̀dọ̀ wa, ẹnìkan kì í jí láàárọ̀ kó gbé ilé tó ti tọ́mọ lé àjèjì lọ́wọ́ kó sì wọ mọ́tò. Níbo ni a ó ti rí ìkíni rẹ̀? Mo wo Kúnlé, òun náà ń wo ilẹ̀.

Fúnmi ló sọ̀rọ̀. Ó ní, "Kò sí ti ẹni tó ń lọ. Ti ẹni tó ń bọ̀ la ní. Bí ẹ bá wá kí wa, bí ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ‘Ẹ kú ulé’ ni kí ẹ wí." Ohùn Ìṣẹ́, tí ń pe ilé ní ulé, ló fi sọ ọ́. N kò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ láti ọdún tó ti kúrò nílé.

Derek ní òun fẹ́ dán an wò. Ó jáde, ó fa ilẹ̀kùn mọ́ra, ó sì kan ilẹ̀kùn náà. A gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ìta, ó lọ sókè níbi tí kò yẹ, ó wálẹ̀ níbi tí kò yẹ: "Eku ulé!"

Kúnlé di ògiri mú. Eku ilé! Bàbá náà kan ilẹ̀kùn, ó sì ń ké sí èkúté. Àwọn ọmọ bi bàbá wọn pé kí ni Derek wí, ó sọ fún wọn, àwọn náà sì yí gbiri lórí pákó. Èmi gan-an, omi ẹ̀rín ti bò mí lójú. Fúnmi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn, ó kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, orúnkún méjèèjì.

"Ẹ káàbọ̀, sà," ni ó wí.

Derek dúró lórí òkúta àtẹ̀wọlé. Ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Ó nu bàtà rẹ̀ nù dáadáa, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, bí àlejò, ó sì wọlé.